Ẹsẹ̀ Bàbá Mi àti Láínì Tuntun

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ sọ ìtàn ọkọ̀ kòkó fún mi, nígbà tí mo ṣì ń fi pẹtiróòlù fọ sípánà lábẹ́ igi máńgòrò kan ní Agége. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, bíi ti bàbá mi. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bí wọ́n bá ti jókòó ti bíréèkì, ẹnu wọn á yọ̀.

Wọ́n ní ọkọ̀ akẹ́rù kan wà láyé ìgbà kan tó ń kó kòkó. Mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ láínì bíréèkì rẹ̀ tán, girísì ò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ ní òun ń kánjú, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó kó ẹrù, ó di ọ̀nà. Wọ́n dé orí òkè kan tó dorí kọ odò. Dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì, bíréèkì ní, "Ta nìyẹn?" Ó tún un tẹ̀, bíréèkì ní, "A ò mọra rí." Inú odò ni ọkọ̀ ti ríbi dúró, tí àwọn àpò kòkó ń léfòó lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ẹnì kankan kú, ọ̀gá?" A máa ń béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti mọ ìdáhùn.

"Kò sẹ́ni tó kú. Ojú ló ti mẹkáníìkì. Ikú sì yá ju ẹ̀sín."

Nígbà náà ni wọ́n á wá gbé láínì tuntun kan sókè, wọ́n á ní ìyàwó tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ agboolé nìyẹn, bó ti wù kó lẹ́wà tó, kò tíì mọ ibi tí wọ́n ń gbé ìkòkò omi sí. Inú abọ́ irin tó ń yí pẹ̀lú táyà, tí a ń pè ní dúrọ́ọ̀mù, ló ti máa fara tẹ irin kí táyà lè dúró. Dúrọ́ọ̀mù ti gbó, láínì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọn ò tíì mọwọ́ ara wọn. Ẹ ní láti wa ọkọ̀ náà lọ síbi tó tẹ́jú, kí ẹ máa sáré díẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ìgbà ogún, ìgbà ọgbọ̀n, títí wọn á fi jẹ ara wọn dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó tún fi sípánà fún un le, tí ẹ ó tó dá ọkọ̀ padà fún ẹni tó ni ín.

"Ẹni tó bá fọwọ́ kan bíréèkì ni kó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́," ni ọ̀gá mi máa ń wí. "Ìbáà ṣe ọba ló ni ọkọ̀."

Gbogbo wa á sì gbè é: "Ìbáà ṣe ọba!"

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ògbà. Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni mo sọ ìtàn ọkọ̀ kòkó fún, wọ́n sì ti gbè é fún mi títí tó fi sú wọn. Nínú gbogbo ọkọ̀ tí mo ti tún bíréèkì wọn ṣe láyé mi, ọ̀kan péré ni èmi kò kọ́kọ́ wà. Ti bàbá mi ni.

Dẹ́rẹ́bà ni bàbá mi. Iléeṣẹ́ kan tó ń hun aṣọ ní Ìkẹjà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wọn ò sì fi ọkọ̀ pa adìyẹ rí. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, "N ò padìyẹ rí," bí ẹni tó ń sọ pé òun ti lọ Mẹ́kà. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà kógbá sílé, tí wọ́n ta àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ fún àwọn tó ń ra ògbólógbòó irin, wọ́n pín àwọn ọkọ̀ àlòkù fún àwọn òṣìṣẹ́ tó pẹ́ jù. Píkọ́ọ̀pù kan ló kan bàbá mi, aláwọ̀ ewé, tó ti dàgbà ju àbúrò mi lọ nígbà náà. Pákó ni wọ́n fi ń kó fún àwọn káfíńtà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àgbà dé, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí ọkọ̀ náà ń ṣe déédéé: gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bàbá mi á fi gbé àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì, àwọn àgbà bíi tiwọn, lọ sí mọ́ṣáláṣí ńlá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á há ara wọn mọ́ iwájú, agbádá á bo jíà mọ́lẹ̀, wọ́n á máa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí wa.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ tíṣà ní Òjódù, ni kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n wọ ọkọ̀ náà pẹ̀lú bàbá dé ọjà, nígbà tí wọ́n sì padà wálé, wọn ò jókòó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó tó báyìí. Ọkọ̀ yẹn ń fà sápá òsì bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Ó ń han bí ewúrẹ́ pẹ̀lú."

"Ọkọ̀ ló ń fà, èmi kọ́," ni bàbá mi wí.

"Ẹ ti lé lọ́gọ́rin ọdún, sà."

"Ṣé ọkọ̀ mọ ọjọ́ orí ẹni tó ń wà á ni?"

Èmi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi wá yọ fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún, a sì mọ̀ pé eré ti parí.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ló bàjẹ́, ẹ tún un ṣe. Tó bá jẹ́ èmi ni mo bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi fúnra mi ni màá gbé e kalẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tí ara rẹ̀ ò bá gbọ́ tirẹ̀ mọ́, apànìyàn ni."

Ẹ̀gbọ́n mi bá mi dé ìta. Wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yẹn. Lọ tún un ṣe, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi kan nǹkan lẹ́yìn tó o bá tún un ṣe tán, kódà kó jẹ́ ògiri, o gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Èmi náà gbọ́ ọ."

Mo ní, "Kò ní kan nǹkan kan." Mo fi ọwọ́ sọ àyà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi parí ẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ kánjú. Mo gbé ọkọ̀ náà sórí òkúta lọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo yọ táyà, mo fi òòlù rọra lu dúrọ́ọ̀mù títí ó fi jábọ́, eruku dúdú tú jáde bí tábà. Láínì ti jẹ tán lápá kan, ìṣó tó dè é mọ́lẹ̀ ti ń ha irin. Ìyẹn ló ń han. Sìlíńdà kan, tí ọ́ìlì ti ń ti láínì síta, ń jò lápá ọ̀tún, ìyẹn ló ń jẹ́ kó fà sósì. Ẹ ò rí i pé bàbá mi ò parọ́? Ọkọ̀ ló ń fà.

Mo kó àwọn irin tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, èyí tí láínì máa ń wà lára wọn, lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan lẹ́bàá ojú irin ní Agége, tó jẹ́ pé iṣẹ́ kíkan láínì nìkan ló ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó wò mí.

"Ọ̀gá, inú sàréè wo lẹ ti wú èyí?"

"Ti bàbá mi ni."

"Ẹ má bínú o. Wọ́n ṣì ń wà á?"

"Wọ́n á wà á lọ́jọ́ Jímọ̀."

"Á jẹ́ pé ká kàn án dáadáa nìyẹn." Ó sì kàn án dáadáa. Ìṣó bàbà méjì méjì, ó lù wọ́n wọlé pátápátá, kò sí èyí tó yọrí. Mi ò lè dá a lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò lè dá ẹnì kankan lẹ́bi.

Mo gbé dúrọ́ọ̀mù fún àwọn tó ń yí irin, wọ́n bá mi fá inú rẹ̀ títí ó fi ń dán. Mo pààrọ̀ gbogbo rọ́bà inú sìlíńdà, mi ò fi pẹtiróòlù kàn wọ́n, ọ́ìlì bíréèkì ni mo fi fọ̀ wọ́n bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Nígbà tó kan títú atẹ́gùn inú páìpù, mo bẹ ọ̀rẹ́ mi tó ń lu bọ́dì ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi pé kó bá mi jókòó sórí pẹ́dàlì. Èmi wà lábẹ́, mò ń pariwo.

"Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́! Dì í mú!"

"Mo ti dì í mú, ẹsẹ̀ ti ń ro mí!"

"Ẹnu ẹ ni kó ro ẹ́. Dì í mú!"

Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, bàbá mi á wọ kẹ̀kẹ́ láti Agége, wọ́n á jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi pẹ̀lú rédíò kékeré létí, wọ́n á máa wo iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi.

"Bàbá Dẹ́rẹ́bà, ẹ jẹ́ ká ta nǹkan yìí fún alágbẹ̀dẹ, kó fi rọ ọkọ́ fún gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ìwọ ni kí wọ́n fi rọ ọkọ́," ni bàbá mi á dáhùn. "Ọkọ́ náà kò ní mú."

Ọjọ́bọ̀ ni mo gbé ọkọ̀ náà sọ̀kalẹ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Mo tẹ pẹ́dàlì, ó le bí òkúta. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n wà á lọ sí ọ̀nà Ìjù, kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ, kí n máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀, kí n padà wá fi sípánà fún un le. Wákàtí kan ò ní pé. Mo nu ọwọ́ mi, mo yíjú, bàbá mi ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Wọ́n ti wọ bàtà tí wọ́n fi ń wakọ̀. Wọ́n na ọwọ́.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wà á, sà. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Ìwọ?" Wọ́n yíjú sí àwọn tó wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, àwọn rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, obìnrin tó ń ta omi. "Ẹ bá mi bi í. Ta ló kọ́ ọ lọ́kọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Inú ọkọ̀ wo?"

"Inú èyí, sà."

"Ó gbé e gun orí kòtò lẹ́ẹ̀mejì!" ni bàbá mi pariwo fún wọn, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, fún bàbá ní kọ́kọ́rọ́ wọn jàre, kí ọmọ jókòó sídìí ọkọ̀ kí bàbá dúró sílẹ̀, níbo ni wọ́n ti ń ṣe é?"

Òótọ́ ni. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é? Bó bá jẹ́ oníbàárà ni, kódà kó jẹ́ aláṣẹ, mo mọ ohun tí mo máa ń sọ fún wọn, wọ́n á sì dúró. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni, ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé, tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínà níwájú àwọn èèyàn, tí inú rẹ̀ dùn bí mi ò ṣe rí i látìgbà tí ìyá mi ti kú. Ó dà bí ẹni pé bí mo bá tún bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, àbùkù ni mo fi kàn wọ́n. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Mo tilẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀, bí eré, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ má sọ pé bàbá mi ì bá ti mọ̀. Ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, ọkọ̀ kì í dé ọwọ́ dẹ́rẹ́bà kí mẹkáníìkì tó wà á yí ọgbà ká fún odindi ọjọ́ kan. Bíréèkì tí kò tíì jiná, wọn ò pàdé ẹ̀ rí láyé wọn.

Àdúgbò wa ní ìdagẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Bí èèyàn bá ti jáde lẹ́nu géètì, ọ̀nà á rọra lọ sísàlẹ̀ dé ibi tí ọkùnrin kan ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Mo tẹ̀ lé ọkọ̀ náà jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀. Bàbá mi ò sáré. Mo rí iná ẹ̀yìn tó pọ́n, mo mọ̀ pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ ń lọ. Iná ṣì pọ́n. Ọkọ̀ ń lọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n ń pè tí kò fẹ́ dáhùn. Wọ́n fa bíréèkì ọwọ́, láínì kan náà ló ń lò, òun náà ò mọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n tẹ fèrè, àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì sá. Ọkọ̀ rọra wọ àárín búlọ́ọ̀kù tútù, ó fọ́ ìlà méjì, ó dúró.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Ọkùnrin búlọ́ọ̀kù ló kọ́kọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn. "Ẹ kú ewu, Bàbá. Ẹ kú ewu. Ẹ má dá búlọ́ọ̀kù lóhùn." Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti pé jọ, ẹnì kan sì sọ ọ́ láti ẹ̀yìn, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí:

"Háà, arúgbó ló wà á! Ta ló gbé ọkọ̀ fún arúgbó?"

Bàbá mi gbọ́ ọ. Mo rí i lójú wọn. Wọ́n ṣì jókòó, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí orúnkún ọ̀tún, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó jalè.

"Mo tẹ̀ ẹ́," ni wọ́n wí fún mi, ohùn wọn kéré. "Mo tẹ̀ ẹ́ gan-an. Àbí mi ò tẹ̀ ẹ́ tó?"

Ìgbà náà gan-an ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan péré ni: Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ tó, èmi ni mi ò wà á kí n tó fún yín. Ó ti dé ẹnu mi. Àmọ́ àwọn rewáyà ti dé, ọ̀rẹ́ mi ti dé, oníbàárà mi kan tí ọkọ̀ rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà ti dé, gbogbo wọn ló dúró tí wọ́n ń wo ẹnu mi. Bíréèkì tí mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣe. Mo ní, "Ẹ rọra sọ̀kalẹ̀, sà." Ìyẹn nìkan ni mo sọ.

Bàbá mi sọ̀kalẹ̀. Wọ́n pa ilẹ̀kùn dáadáa bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí bónẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi ni," ni wọ́n wí. "Ó tó."

Ọ̀rẹ́ mi bá mi ti ọkọ̀ náà padà. Nígbà tó ku àwa méjì, ó dúró.

"Ṣé o tiẹ̀ ti wà á rárá?"

"Ìwọ lo ní kí n fún wọn ní kọ́kọ́rọ́."

"Bọ́dì lílù ni mo mọ̀, ọ̀gá. Èmi kọ́ ni mẹkáníìkì." Lẹ́yìn náà ó ní, "Sọ fún wọn."

"Màá sọ fún wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọn ò fi ṣẹ̀sín. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú bàbá, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sunkún. Nígbà tí mo rí i bí ọkàn wọn ṣe balẹ̀, mo wí fún ara mi pé bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe dára. Arúgbó ni bàbá. Ọjọ́ mìíràn lè jẹ́ ọmọ ilé ìwé ló máa wà níwájú ọkọ̀, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí mi. Mo tẹ́ ẹ bí ẹní, mo sì sùn lé e lórí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wa píkọ́ọ̀pù náà lọ sí ọ̀nà Ìjù, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ, mo ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Nígbà tó fi di ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ti ń gbọ́. Mo fi sípánà fún un le. Ọkọ̀ náà dúró lójú ẹsẹ̀, kò fà sósì, kò fà sọ́tùn-ún, ẹ lè gbé ife omi sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mi ò lè wà á padà fún bí ìdajì wákàtí.

Bàbá mi béèrè nígbà tí mo dé ilé. "O gbìyànjú ẹ̀ wò?"

"Mo gbìyànjú ẹ̀, sà."

"Ó ńkọ́?"

"Ó dáa, sà."

"Mo mọ̀." Wọ́n mi orí. "Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ ò lè ní àbùkù. Ẹsẹ̀ mi ni."

Ó ti di ọdún méjì. Títí di òní, bí àlejò bá wọlé tó sì bi wọ́n léèrè ọkọ̀, bàbá mi á nàka sí mi. Wọ́n á ní, "Ẹ wo ọmọ mi yìí, ó tún bíréèkì yẹn ṣe bíi ti òyìnbó. Ẹsẹ̀ tèmi ló dà mí." Wọ́n á wá ṣàdúrà fún mi, pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ò ní dójú tì mí, àwọn àlejò á ṣe àmín, èmi náà á ṣe àmín.

Ẹni tó bá gbà pé ẹsẹ̀ òun ti kú, ẹsẹ̀ náà á gbọ́. Lóṣù mẹ́ta sígbà náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ògiri mú. Wọ́n ra ọ̀pá. Orí àga ni wọ́n ti ń kírun báyìí, nínú ilé. Nínú àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì, ọ̀kan ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí, èkejì ti fi lílọ sílẹ̀. Dókítà wo orúnkún ọ̀tún yẹn, ó ní òun ò rí nǹkan kan tó ṣe é ju ogbó lọ. Bàbá mi rẹ́rìn-ín sí dókítà náà. Wọ́n ní ó ṣì kéré, kò wakọ̀ tó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n wá ta píkọ́ọ̀pù náà. Mo ní ó dáa, sà. Mi ò tíì tà á. Bí mo bá sọ òótọ́ fún wọn báyìí, mi ò mọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Ẹsẹ̀ yẹn ò lè tẹ bíréèkì mọ́, ní òótọ́ ní òótọ́. Wọ́n á kàn mọ̀ pé ọdún méjì yẹn, tiwọn ni, pé ọmọ wọn ló gbà á lọ́wọ́ wọn, tó sì ń ṣe àmín sí àdúrà wọn. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, wọ́n á kú pẹ̀lú ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn.

Ẹ̀yin tí mò ń sọ ọ́ fún yìí, ká ní bàbá yín ni, ṣé ẹ ó lọ jókòó tì wọ́n lónìí, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ wọn ò ṣe nǹkan kan?